Tilli àti Ọ̀rọ̀ Ààlà Tó Jẹ́ Àlejò

Ẹni tó bá sọ pé obìnrin kì í pa àṣírí mọ́, ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: àṣírí tí obìnrin bá pa mọ́ dáadáa, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ó wà? Mo ti bi ọkùnrin bíi mélòó kan ní Hollerbrunn, abúlé wa ní ilẹ̀ Jámánì yìí, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn nínú wọn. Wọ́n á kàn gbé ife wáìnì wọn, wọ́n á máa wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan já bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ti Tilli Rauscher fún yín, torí ọ̀rọ̀ náà kàn án gbọ̀ngbọ̀n.

Ottilie ni wọ́n sọ ọ́ nígbà ìsàmì, ṣùgbọ́n Tilli ni gbogbo wa ń pè é. Kì í ṣe ọmọ ibí. Ọmọ kékeré ni nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, tí wọ́n lé àwọn Jámánì kúrò ní Bòhímíà, ilẹ̀ àwọn Ṣẹ́ẹ̀kì, tí òun àti ìyá rẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn gba orí òkè kọjá pẹ̀lú ẹrù kan péré. Bàbá rẹ̀ kò bá wọn dé. Iṣẹ́ bàbá náà nígbà ayé rẹ̀ ni pé ó ń gbé ọ̀pá àti ṣéènì tẹ̀lé àwọn awọnlẹ̀ ìjọba kiri etí igbó, níbi tí oko àwọn Jámánì ti kan oko àwọn Ṣẹ́ẹ̀kì. Ogún tó fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Bó bá gbé e sọ́rùn, á bi í pé, "Tilli, kí làwọn Ṣẹ́ẹ̀kì ń pe ààlà?" Ọmọ á ní, "Hranice." "Àwọn ará Póláǹdì ńkọ́?" "Granica." "Àwa ńkọ́?" "Grenze." "Ta ló kọ́kọ́ ní in nínú wa?" Ọmọ á pariwo pé, "Àwọn ni!" Bàbá á rẹ́rìn-ín, á sì fi ọwọ́ bo ọmọ lẹ́nu, torí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí Jámánì ń pariwo nígbà náà.

Nígbà tí wọ́n dé Hollerbrunn, Tilli Ará-Òkè-Ọ̀hún ni wọ́n ń pè é nílé ìwé. Ó dàgbà, ó fẹ́ Gangolf Rauscher tó ní oko àjàrà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ Ará-Òkè-Ọ̀hún náà ni. Ó bímọ méjì, àwọn ọmọ lọ sílùú ńlá, Ará-Òkè-Ọ̀hún náà ni. Bó bá yan àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi irúgbìn dúdú dídùn sínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú tiwọn, àwọn ará ibí á yínmú sí i, wọ́n á ní oúnjẹ ẹyẹ ni, wọ́n á sì jẹ ẹ́ tán kí ó tó tutù. Èèyàn mà ṣòro o!

Gangolf jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Méje. Àwọn Méje yìí, ọkùnrin tó ti búra títí ọjọ́ ikú ni wọ́n. Bí awọnlẹ̀ ìjọba bá wọn ilẹ̀ tán, àwọn ni wọ́n ń ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀. Kí òkúta tó wọ ihò, wọ́n á kọ́kọ́ fi àmì kan sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí àmì náà jẹ́, àti bí wọ́n ṣe ń tò ó, àwọn nìkan ló mọ̀ ọ́n, ẹnu sí etí ló sì ń gbà, kò sí ìwé tó gbé e. Bí oníjìbìtì kan bá wá sún òkúta sínú oko aládùúgbò, àwọn Méje á hú abẹ́ rẹ̀. Bí wọn kò bá bá àmì níbẹ̀, irọ́ ni òkúta ń pa nìyẹn. Lásìkò tí wọ́n bá fẹ́ fi àmì sílẹ̀, gbogbo ẹni tí kò búra gbọ́dọ̀ yíjú padà, ì báà ṣe olóko, ì báà ṣe awọnlẹ̀ tó kàwé dé góńgó.

Tilli ló ń wa tírákítọ̀ tó ń gbé òkúta lọ sóko fún wọn. Bí wọ́n bá ti dé ibi ihò, Veit Hümmer, olórí àwọn Méje, á ní, "Tilli, ojú!" Tilli á yíjú padà. Ọdún ń gorí ọdún, ó ń wo igi eléso aládùúgbò. Ó máa ń sọ pé, "Kò sí igi kan ní Hollerbrunn tí n kò mọ̀ bí ọmọ ìyá mi. Ohun tó wà lẹ́yìn mi nìkan ló pamọ́ fún mi."

Nígbà tí Gangolf kú, ilé dá páropáro. Ìjókòó rẹ̀ láàárín àwọn Méje náà sì ṣófo, kò sì sí ọ̀dọ́ tó fẹ́ ẹ, torí ọ̀dọ́ wo ló fẹ́ máa gbẹ́ ihò lọ́jọ́ ìsinmi? Ibẹ̀ ni Tilli ti ronú pé, "Èmi ńkọ́?" Kì í ṣe eré rárá. Ó fẹ́ ìjókòó yẹn bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń fẹ́ omi. Ó ti gbé abúlé yìí ju bó ṣe gbé ibi tí wọ́n bí i sí lọ, ó mọ gbogbo òkúta rẹ̀, ó sì fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ní gbangba, kó tó kú.

Ó mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn Méje tó ti di mẹ́fà nílé ọtí lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ń jẹ sọ́séèjì tí wọ́n sè sínú ọtí kíkan àti àlùbọ́sà.

"Ẹ kú ìsinmi o. Ìjókòó Gangolf ni mo wá tọrọ."

Alban alápatà ló kọ́kọ́ lahùn. "Àga yẹn? Gbé e, kò sẹ́ni tó ń jókòó sí i."

"Alban, àga wà lọ́jà. Ìjókòó ni mo wí. Mo fẹ́ búra."

Sọ́séèjì há ẹnì kan lọ́fun, wọ́n gbá a lẹ́yìn kó tó rọlẹ̀. Veit dìde. Ọkùnrin gbàǹgbà ni Veit, ó sì fẹ́ràn kó máa sọ̀rọ̀ bí àlùfáà. "Tilli, a kò kórìíra rẹ. Ta ló ń jẹ àkàrà rẹ bí kì í bá ṣe àwa? Ṣùgbọ́n nǹkan àwọn bàbá wa ni ààlà. Grenze! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Ọ̀rọ̀ Jámánì pọ́nńbélé ni, ẹnu àwọn baba ńlá wa ló ti jáde. Ẹni tó ti ibòmíràn wá kò lè bá wa di ohun tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́ mú."

Tilli bú sẹ́rìn-ín. Kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ló pa á.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Bàbá Veit, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ń lé àlejò yẹn, àlejò ni òun náà."

"Èwo?"

"Grenze. Àwọn baba ńlá yín kò gbọ́ ọ rí. Mark ni wọ́n ń pe ààlà. Ìyẹn lọmọ bíbí ilé yín. Ó rìn lọ sọ́dọ̀ àwọn Faransé, wọ́n gbà á, wọ́n fi jẹ oyè: ìjòyè tó ń ṣọ́ ààlà fún ọba, inú Mark ni wọ́n ti yọ orúkọ oyè rẹ̀. Àwọn Ítálì fi sọ odindi ẹkùn ilẹ̀ kan lórúkọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní ìbátan rẹ̀ lẹ́nu. Gbogbo ayé ń kẹ́ ọmọ yín, ẹ̀yin lẹ lé e sẹ́yìn ilé, tí ẹ lọ gba ti àwọn ará òkè ọ̀hún tọ́."

"Irọ́!"

"Hranice ni. Etí nǹkan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, bí etí tábìlì tí ẹ fọwọ́ tì yìí. Ọ̀nà tí mo gbà wá náà ni ọ̀rọ̀ yẹn gbà wá, òun kàn tètè dé jù mí lọ ni. Ó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ fún un lóúnjẹ, ó sanra, ó tún kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn ará Họ́láńdì, ó dé Swídìn. Lónìí, kò sẹ́ni tó ń bi í pé níbo lo ti wá. Ó ti jókòó sórí gbogbo òkúta yín bí ọmọ onílé. Èmi tí mo jẹ́ ẹran ara, tí mo ń wa tírákítọ̀ yín, èmi ni kí n dúró síta?"

Veit yíjú sí Erhard, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀kan nínú àwọn Méje, tó jókòó létí fèrèsé. "Tíṣà, sọ fún un pé irọ́ ló ń pa."

Erhard bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Veit, má bi mí."

"Mo ti bi ọ́ ná!"

"Bó ṣe wí ló rí. Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Bí o bá ń sọ ti ẹnu àwọn baba ńlá wa lọ́dọọdún, ìdí tí mo fi ń wo ilẹ̀ nìyẹn."

Ẹ̀rín sọ! Àní onílé ọtí náà gbé àwo sílẹ̀ kó tó fọ́ ọ. Etí Veit pọ́n bí ata. Ṣùgbọ́n ẹ má fi Veit ṣeré o, bí ìlẹ̀kùn kan bá tì, á gba fèrèsé.

"Ó dáa," ló wí. "Ti àlejò parí. Ó ku èyí tó le. Àṣírí! Obìnrin kì í gbé e dé ìkóríta. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Jáde ná, kí a fi orí korí."

Wọ́n forí korí. Lọ́jọ́ kejì, Veit wá bá Tilli nínú oko àjàrà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní kó gbé etí wá. "A gbà. Lọ́jọ́ tí a bá rìn yí ààlà ká, lẹ́yìn Ọdún Ìgòkè-re-ọ̀run, wàá búra. Ṣùgbọ́n gbọ́ ọ báyìí, kó lè mọ́ ọ lára. Àmì abẹ́ òkúta náà, eyín òbúkọ mẹ́ta ni. Ewé àjàrà la fi ń wé e. Èyí tó tóbi jù á kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Bí ẹyẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, ó parí."

"Mo gbọ́, Bàbá Veit. Ó ti wọlé."

Ó kúnlẹ̀ sáàárín àjàrà lẹ́yìn tó lọ tán, ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Gangolf! Ọkùnrin tó ń bẹ̀rù eyín tirẹ̀ nílé dókítà, òun ló ń gbé eyín òbúkọ kiri lápò láti ìgbà yìí wá! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin fún àwọn adìyẹ. Wọ́n ti gbà á. Ó ti wọlé.

Ẹ jẹ́ ká dé ibi ààrò. A ní ilé ààrò kan tí gbogbo abúlé ti ń yan búrẹ́dì, àwọn obìnrin ló ni ín lọ́jọ́ Ẹtì. Burgl, ìyàwó Veit, ń ki ìyẹ̀fun pípò bọ inú ààrò, ó sì ń mí bí ẹni tó gun òkè. Burgl yìí lẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́ kí Tilli bá òun jókòó ní bẹ́ǹṣì nílé ìwé, nígbà tí àwọn yòókù ń ní ó ń rùn.

"Tilli, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi, bí n kò bá sọ ọ́, búrẹ́dì mi á jóná."

"Sọ ọ́ kí á lè rí búrẹ́dì jẹ."

"O kò gbọdọ̀ jẹ́ kí Veit gbọ́ o."

"Ẹnu mi rèé, mo ti pa á dé."

"Eyín òbúkọ yẹn, irọ́ ni. Wọ́n fi ń dán ọ wò ni. Wọ́n fẹ́ wò ó bóyá wàá sọ ọ́ síta, kí wọ́n lè ní a wí fún ọ. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló fọwọ́ lu Bíbélì pé ẹnì kankan kò ní sọ."

Tilli di òpó. "Ta ló wá sọ fún ọ?"

"Veit ni, níbi tó ti ń bọ́ bàtà. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, ẹnu rẹ̀ sì máa ń yọ̀ bí ẹsẹ̀ bá ń dùn ún."

"Ìwọ náà ta lo sọ fún?"

"Èmi? Háà! Èmi kọ́! Kò sẹ́nì kan." Burgl yí búrẹ́dì sí òdìkejì. "Àfi ìyàwó Alban. Àti àbúrò mi. Àti obìnrin tó ń ta ẹyin, ṣùgbọ́n ìyẹn kò gbọ́ràn dáadáa, mo ní láti pariwo ni."

Inú bí Tilli. Kì í ṣe ti irọ́ náà ló dùn ún jù, bí kò ṣe orin tó kọ fún adìyẹ. Ó ti yọ̀ bí òmùgọ̀. Wọn kò gbà á rárá, wọ́n kàn dẹ pàkúté fún un bí eku ni.

"Ṣé o ń bínú sí mi?" Burgl bi í. "Mo rò pé oore ni mo ń ṣe ọ́."

"Burgl, oore rẹ yìí, ó ti pa mí. Bí abúlé bá ti gbọ́, èmi ni wọn á ní mo sọ ọ́."

Burgl káwọ́ lórí. "Yéè! Mo gbé! Tilli, má dárúkọ mi. Veit á kúrò nínú àwọn Méje, òfin wọn ni. Ojú á tì í kú."

"N kò ní dárúkọ rẹ," ni Tilli wí. "Yọ búrẹ́dì rẹ, ó ń jóná lóòótọ́."

Kó tó di Àìkú, kò sí ẹnu tí kò sí eyín òbúkọ nínú rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe Tilli sílé ọtí. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jókòó bí adájọ́.

Veit ní, "Tilli, ọ̀rọ̀ ti tú."

Alban gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ó tú kẹ̀! Obìnrin mẹ́ta ti wá bi mí bóyá mo ní egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ òbúkọ láti tà. Ọ̀kan ní òun fẹ́ fi sí ọgbà òun kí ìgbín má wọ̀ ọ́!"

"Nítorí náà," ni Veit wí, ó ń gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, "a wí fún ọ. O kò lè búra. Ó dùn wá."

Tilli kò jókòó. "Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Kí ni wọ́n ń sọ nígboro gan-an?"

"Eyín òbúkọ mẹ́ta, inú ewé àjàrà," ni Alban dáhùn.

"Kí ni wọ́n tún ń sọ?"

"Pé irọ́ ni, pé a fi ń dán ọ..." Alban wo Erhard, Erhard wo àjà.

"Ẹ parí ẹ̀, Alban. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ìdánwò ni?"

"Rárá o."

"Èmi tí mo rò pé òótọ́ ni, ṣé èmi ni mo lè lọ sọ fún aráyé pé irọ́ ni? Ẹni tó mọ̀ pé ìdánwò ni, mẹ́fà péré ni. Gbogbo wọn ló jókòó síwájú mi yìí."

Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn adájọ́ di ẹlẹ́ṣẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wọn lójú. Alban ní kì í ṣe òun, òun kò tíì bá ìyàwó òun sọ̀rọ̀ láti Àìkú tó kọjá. Erhard ní òun kò níyàwó. Òógùn sì bo Veit bí ẹni tó jókòó sẹ́nu ààrò.

"Ó dáa," ni Erhard wí. "Tilli, ta ló sọ fún ọ pé ìdánwò ni? Ibi tó ti wá la ó tọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tú u. Ẹni náà á kúrò, ìwọ á wọlé. Dárúkọ kan péré."

Tilli wo Veit. Ká má parọ́, ó gbádùn wíwò náà. Ó wo etí rẹ̀ tó pọ́n, ó wo òógùn tó ń kán sínú ọtí rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló kù, ohun tó ń fẹ́ látọjọ́ yìí á bọ́ sí i lọ́wọ́, ẹni tó sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ á dìde lórí àga. Ó dùn lẹ́nu rẹ̀ bí oyin.

"Mo gbọ́ ọ," ló wí. "Ẹni tó sọ fún mi ní kí n má sọ. Mo sì ní n kò ní sọ."

"Tilli!" Alban lu tábìlì. "Bí o kò bá sọ, a ní láti gbà pé ìwọ ni o. Ìjókòó náà bọ́ nìyẹn. Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi."

"O fẹ́ ẹ àbí o kò fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ ju bí mo ṣe lè sọ lọ." "Ẹ kú ìjókòó o." Ó mú ẹ̀wù òtútù rẹ̀ lórí èèkàn, ó ń wá ihò apá rẹ̀, omi ojú kò jẹ́ kó rí i.

"Dúró," ni Veit wí.

Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu Veit rí. Kì í ṣe ohùn àlùfáà rárá. "Èmi ni mo tú u. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo ń bọ́ bàtà, mo sọ fún ìyàwó mi. Mo kúrò lórí àga náà."

Erhard tún gbé gíláàsì rẹ̀ kúrò lójú, ó nù ún. "Òfin ní ẹni tó bá tú àṣírí á kúrò. Irọ́ la pa, irọ́ náà ló tú. N kò rí àṣírí kankan níbẹ̀."

"Bí òun náà bá lọ," ni Alban kùn, "márùn-ún la kù, èmi kò sì ní dá gbẹ́ ihò. Kí ó san owó wáìnì òní fún gbogbo wa, ó tán. Ta ló fẹ́ kí Tilli búra?"

Ọwọ́ márùn-ún lọ sókè. Veit ló gbé ìkẹfà kẹ́yìn, ó dìde, ó rìn lọ bá Tilli lẹ́nu ọ̀nà. Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ó fẹ́ mọ̀.

"Tilli, mo ti jẹ́wọ́, gbogbo wọn ti gbọ́. Sọ fún mi wàyí. Burgl ló sọ fún ọ níbi ààrò, àbí òun kọ́?"

Tilli nu ojú rẹ̀. "Burgl wo?"

"Burgl mi!"

"Bàbá Veit, èmi àti Burgl kì í sọ kọjá ọ̀rọ̀ búrẹ́dì."

Veit gba ẹ̀wù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi kọ́ èèkàn padà, ó sì ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, kó búra.